Bí A Ṣe Sọ Kámpínkáà Di Ilé fún Tántì

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ajé kan, ọ̀gá mi ní iléeṣẹ́ ìwé ìròyìn pè mí wọ yàrá rẹ̀, ó ní kí n lọ wá ìròyìn tí kò ní òṣèlú nínú rárá. Ó tún un sọ lẹ́ẹ̀mejì kí n má baà ṣì í gbọ́. Ìwé wa tó ń jáde ní ojú ewé méjìlá tẹ́lẹ̀ ti di ojú ewé mẹ́rin, torí pé bébà ti wọ́n, àwọn tó ń polówó ọjà lọ́dọ̀ wa sì ti kógbá sílé. Àríyànjiyàn kan ṣoṣo ló gba ẹnu gbogbo ènìyàn: ta ni ojúlówó ọmọ Côte d'Ivoire, ta ni àlejò? Ivoirité ni wọ́n ń pè é. Ọ̀gá mi bẹ̀rù ọ̀rọ̀ náà. Èmi tí wọ́n bí sí Bouaké, tí bàbá mi wá láti Ògbómọ̀ṣọ́, mo bẹ̀rù rẹ̀ jù ú lọ.

Mo bi í pé irú ìròyìn wo ni kí n wá.

Ó ní, "Ẹranko. Kọ nípa ẹranko. Ẹranko kì í dìbò."

Ọdún kọkànlá tí mo ti wà lẹ́nu iṣẹ́ nìyẹn. Ẹni tó kọ́ mi níṣẹ́ kì í fẹ́ kí n mú èrò tèmi wálé. "Ọ̀rọ̀ ẹnu wọn ni kí o mú wá, bí wọ́n ṣe sọ ọ́ gan-an," bó ṣe máa ń wí nìyẹn, "ìwọ fi tìrẹ sílẹ̀." Nítorí náà, mo gun mọbilẹ́ẹ̀tì mi, mo gba Grand Marché, ọjà ńlá ìlú wa, lọ, níbi tí ọ̀rọ̀ ẹnu pọ̀ sí jù lọ ní Bouaké. Ọ̀dọ̀ Ìyá Gàní ni mo kọ́kọ́ dúró sí. Aṣọ ni Ìyá Gàní ń tà, ó mọ ìyá mi dáadáa, kò sì sí ẹni tó bí tàbí tó kú láàárín àwa Anago, bí àwọn ará ibí ṣe ń pè wá, tí kò kọ́kọ́ gbọ́. Mo ní ẹranko ni mò ń wá.

Ó ní kí n lọ wo ọmọ òun ní àdúgbò Kennedy. Ó ní ó ti fẹ́ kó ejò wọlé. Ó sọ ọ́ bí ìyá tó ń sọ pé ọmọ òun ti rí ìyàwó, ṣùgbọ́n ìyàwó náà kò wu òun.

Ní Kennedy, mo rí ọkọ̀ funfun gbọọrọ kan níwájú agboolé, ẹsẹ̀ ènìyàn méjì sì yọ jáde lábẹ́ rẹ̀. Kámpínkáà ni ọkọ̀ náà, irú èyí tí àwọn Òyìnbó fi ń rìnrìn àjò, tí wọ́n ń sùn nínú rẹ̀, tí wọ́n ń dáná nínú rẹ̀, tí wọ́n sì ń wẹ̀ nínú rẹ̀ bí ẹni pé ilé wọn ń tẹ̀ lé wọn kiri. Ẹni tó ni ẹsẹ̀ náà ni Ganíyù, tí gbogbo wa ń pè ní Gàní. Ó jáde, ó nu ọwọ́, ó kí mi, ó sì ṣílẹ̀kùn ọkọ̀ fún mi bí onílé tó ń fi yàrá han ẹni tó fẹ́ gbà á.

Ọdún mẹ́sàn-án ni Gàní fi ṣiṣẹ́ ní ọgbà ẹranko kékeré kan lójú ọ̀nà Katiola, lọ́dọ̀ Faransé kan. Àwọn ẹran afàyàfà ló ń tọ́jú: ejò, ìjàpá, awọ́nríwọ́n, ọ̀gà. Láyé ìgbà tí nǹkan ṣì dára, àwọn ọmọ iléèwé ń wá wò wọ́n láràárọ̀. Nígbà tí ìjọba gé iye owó ilẹ̀ wa sí méjì, àwọn iléèwé kò lè gba bọ́ọ̀sì mọ́, Faransé náà sì pinnu láti padà sílé. Ó ti ta ẹyẹ, ó ti ta ọ̀bọ. Ó ku ẹran afàyàfà méjìlá, kò sì sí ẹni tó fẹ́ wọn láàyè. Ẹnìkan fẹ́ wọn ní òkú. Ọkùnrin kan tó ń ra awọ ń wá lọ́jọ́ méjì-méjì láti wọn òjòlá tó wà níbẹ̀. Gàní ní ọkùnrin náà máa ń bá ejò náà sọ̀rọ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ bó ṣe ń na okùn ìwọ̀n lé e lẹ́yìn, bí aránṣọ tó ń wọn ìyàwó tuntun.

Tántì ni orúkọ òjòlá yẹn. Ó gùn ju ọkùnrin méjì lọ tí a bá tẹ́ wọn sílẹ̀ lórí ìlà kan. Láti kékeré rẹ̀ ni wọ́n ti mú un nínú oko kan ní Languibonou, Gàní ló sì fi ọwọ́ ara rẹ̀ tọ́ ọ dàgbà.

Faransé náà sọ fún Gàní pé òun máa fi àwọn ẹranko náà fún un, òun á sì fi kámpínkáà kún un, torí pé iṣẹ́ rẹ̀ ti tán. Ṣùgbọ́n ó ní àdéhùn kan. Dókítà ẹran ìjọba gbọ́dọ̀ wá wo ibi tí wọ́n máa gbé, kó sì fọwọ́ sí ìwé, kí òun tó wọ ọkọ̀ òfuurufú. Bí kò bá fọwọ́ sí i, ọkùnrin aláwọ ló ń bọ̀ wá kó wọn. Ọjọ́ méjìdínlógún ló kù.

Mo bi Gàní pé kí ló dé tó fi jẹ́ inú ọkọ̀. Ó ní òun ti bẹ onílé òun, Mùsíyé Yao, Baoulé kan, ọ̀kan nínú àwọn onílẹ̀, tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ rélùwéè. Mùsíyé Yao ní ejò kankan kò gbọdọ̀ sùn nínú ilé òun. Gàní wá bi í pé tó bá jẹ́ inú ọkọ̀ níwájú ilé ńkọ́? Bàbá náà rò ó títí, ó ní, "Mọ́tò kì í ṣe ilé mi." Gàní tún ní bí àwọn ọmọ iléèwé kò bá lè wá sọ́dọ̀ ejò mọ́, ejò lè máa lọ sọ́dọ̀ wọn.

Inú mi dùn. Kò sí òṣèlú kankan níbẹ̀.

Ìyá Gàní kò fẹ́ gbọ́ ọ̀rọ̀ náà rárá. Ó ní òun rán ọmọ lọ sí lìsé, ó kàwé Faransé tán, ejò ló wá ń ka ìwé náà fún. Ṣùgbọ́n nígbà tó yọjú wo ọkọ̀, tó rí pákó tí Gàní ti kàn mọ́ra bí eyín àgbà, ojú tì í. Ó ní bí ọmọ òun bá máa ya wèrè, kó ya wèrè tó mọ́. Ní ọjọ́ kejì, ó rán Bàbá Sàlámì sí i.

Bàbá Sàlámì ló kan ìdajì àpótí àti pẹpẹ tí àwọn Anago fi ń pàtẹ aṣọ ní Grand Marché. Ará Ògbómọ̀ṣọ́ ni òun náà, ó ti lé ní ọgọ́ta ọdún, ó kúrú, kì í rẹ́rìn-ín tó bá ń ṣiṣẹ́. Kò ní okùn ìwọ̀n. Ìgàn aṣọ ló fi ń wọn ohun gbogbo, torí pé aṣọ ni gbogbo pẹpẹ tó ti kàn láyé rẹ̀ wà fún. Ó yí ọkọ̀ náà po lẹ́ẹ̀mẹta, ó ní kí wọ́n mú ọjà wá kí òun wò.

Gàní ní, "Ọjà wo, Bàbá?"

"Ejò náà. N kì í gé pákó fún ọjà tí n kò rí."

Bá a ṣe gba ọ̀nà Katiola lọ nìyẹn, Bàbá Sàlámì lẹ́yìn mọbilẹ́ẹ̀tì mi, rúlà pákó gígùn kan ní ìkáwọ́ rẹ̀ bí ọ̀kọ̀. Gàní gbé Tántì jáde, ó nà án sórí koríko. Bàbá náà dúró lókèèrè fún ìgbà díẹ̀. Lẹ́yìn náà, ó ká ṣòkòtò rẹ̀, ó sún mọ́ ọn, ó fi ẹ̀yìn ìka kan kàn án bí ẹni tó ń wò bóyá àwọ̀ aṣọ máa ṣí.

Ó ní, "Ó tutù bíi ṣẹ́dà." Ó fi rúlà wọ̀n ọ́n, ó ṣírò. "Àyè ìgàn mẹ́jọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Tó bá ká, mẹ́ta ti tó." Ó wá kọjú sí Gàní. "Ìwọ, ṣé ó máa ń ká dáadáa, àbí ó máa ń wú jáde bí aṣọ tí aláìmọ̀ọ́ká ká?"

Gàní ní ó máa ń ká dáadáa. Láti ọjọ́ yẹn lọ, Bàbá Sàlámì kò pè é ní ejò mọ́. "Oníbàárà" ló ń pè é.

Mo gba ààyè lọ́dọ̀ ọ̀gá mi láti máa lọ síbẹ̀ ní gbogbo ọ̀sán. Mo ní mò ń kọ ìròyìn ni, òótọ́ sì ni, ṣùgbọ́n èmi náà di pákó mú, mo kun ọ̀dà, mo sì fi òòlù gbá àtàǹpàkò mi. Ẹran afàyàfà kò ní iná nínú ara bí àwa ènìyàn. Ibi tó gbóná ló ti ń rí agbára, ibi tó tutù ló ti ń sinmi, nítorí náà àpótí kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ ní igun gbígbóná kan àti igun tútù kan. Gàní kọ́ mi ní ìyẹn lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Ó ní bó o bá fi gbogbo rẹ̀ gbóná, o ti sè é nìyẹn. Bó o bá fi gbogbo rẹ̀ tutù, kò ní lè da oúnjẹ inú rẹ̀.

A yọ ibùsùn, a yọ sítóòfù gáàsì. Kọ́bọ́ọ̀dù tí àwọn Òyìnbó ń fi aṣọ kọ́ sí ni a fẹ̀ fún Tántì, a fi gíláàsì sí ilẹ̀kùn rẹ̀. Ilé ìwẹ̀ tí kò fẹ̀ ju pósí lọ di ti awọ́nríwọ́n méjèèjì, torí pé àwọn ló ń ba nǹkan jẹ́ jù, ibẹ̀ sì ṣeé fi omi ṣàn. Ìjàpá inú omi méjì gba àwo ìfọwọ́. Ìjàpá orí ilẹ̀ mẹ́rin gba abẹ́ àga. Ibùsùn kékeré tó wà lókè orí awakọ̀, níbi tí oòrùn ti ń wọlé, ni a to ẹ̀ka igi sí fún àwọn ọ̀gà mẹ́ta. Gílóòbù ni a fi ń mú igun gbígbóná gbóná, bátìrì kejì sì ń gbé iná rẹ̀.

Ṣùgbọ́n oòrùn Bouaké kò nílò gílóòbù. Lọ́sàn-án, irin ọkọ̀ náà ń gbóná débi pé ẹyin lè jinná lórí rẹ̀. Bàbá Sàlámì ló yanjú ìyẹn. Ó fi pákó fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ méjì ṣe ògiri kọ̀ọ̀kan, ó sì ki òwú igi àràbà sáàárín wọn. Ó ní bó ṣe ń ṣe é fún àwọn tó ń ta aṣọ olówó ńlá nìyẹn, kí ooru má baà pa àwọ̀ aṣọ. Ní ọ̀sán tí ó parí ògiri tó kẹ́yìn, a ti ilẹ̀kùn, a jókòó sínú, ó sì tù wá lára. Mo fa èémí. Mo rántí pé mo sọ ọ́ sókè pé ọkọ̀ yìí ń rùn bí ilé ìyá mi. Gàní ní bẹ́ẹ̀ ni, ó rí bẹ́ẹ̀ lára òun náà. Inú wa dùn sí i. Mo tilẹ̀ kọ ọ́ sínú ìwé mi.

Nígbà tó ku ọjọ́ márùn-ún kí dókítà dé, a kó àwọn ẹranko náà wọlé kí wọ́n lè mọ ibẹ̀ lára. Ní ọjọ́ kejì, àwọn ọ̀gà ti dúdú bí èédú, wọn kò sì gòkè mọ́. Awọ́nríwọ́n tó máa ń já ẹyin gbà lọ́wọ́ ènìyàn kò wo ẹyin rárá. Tántì na ara rẹ̀ gbọọrọ, ó la ẹnu díẹ̀. Gàní ní kò là á bẹ́ẹ̀ rí láti ọdún mẹ́sàn-án. Nígbà tó di ọ̀sán, ọ̀gà kan kú.

Gàní jókòó sí ẹnu ọ̀nà ọkọ̀, ó gbé e lé àtẹ́lẹwọ́. Ó ní bóyá ọkùnrin aláwọ náà ló tọ́. Òun ì bá jẹ́ kó pa wọ́n lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, kì í ṣe kí òun máa pa wọ́n díẹ̀díẹ̀.

N kò mọ ohun kan nípa ejò, ṣùgbọ́n mo mọ bí a ṣe ń bi ènìyàn léèrè. Mo ṣí ìwé mi, mo bẹ̀rẹ̀ sí í bi gbogbo ẹni tó ti fọwọ́ kan ọkọ̀ náà ní ohun tó mú wá àti ohun tó ṣe. Ẹni tó kun ọ̀dà pẹ̀lú mi ní ọ̀dà náà ti gbẹ láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá. Ẹni tó so iná fi ọwọ́ ara rẹ̀ dán an wò lójú mi. Ìyá Gàní ní òun kò fọwọ́ kan nǹkan kan, Ọlọ́run ṣe ẹlẹ́rìí. Mùsíyé Yao ló kù. Kò tíì wọ inú ọkọ̀ náà rí. Mo bẹ̀ ẹ́ pé kó wá wò ó fún wa, ó ti orí rẹ̀ wọlé láti ẹnu ọ̀nà, ó sì yọ ọ́ padà kíákíá.

Ó ní, "Ó ń rùn bí ilé Anago."

Ní ìgbà yẹn, ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ lè dá ìjà sílẹ̀. Ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ là ń gbọ́ lórí rédíò àti lẹ́nu àwọn tó ń yẹ ìwé wò lójú ọ̀nà. Gàní dìde pẹ̀lú òkú ọ̀gà lọ́wọ́. Ó ní, "Mùsíyé Yao, kí lẹ ní?" Ojú rẹ̀ ti yí padà. Mo dì í mú. Iṣẹ́ tí wọ́n kọ́ mi ni pé tí ẹnìkan bá sọ ohun tó dùn ẹ́, kí o bi í ní ìbéèrè kan sí i.

Mo ní, "Báwo ni ilé Anago ṣe ń rùn, Mùsíyé Yao?"

Ó wò mí bí ẹni tó ń bi omi bóyá ó tutù. "Káńfọ̀," ló wí. "Gbogbo yín lẹ ń rùn bẹ́ẹ̀. Ẹ kò mọ̀ ni?"

Àwa kò mọ̀. Inú ìsọ̀ aṣọ ni wọ́n ti tọ́ èmi àti Gàní dàgbà, inú káńfọ̀ ni a ti kọ́ bí a ṣe ń rìn, òórùn rẹ̀ sì ni òórùn ìyá wa. Ẹni tó bá ti ń gbóòórùn nǹkan láti ìgbà tí wọ́n ti bí i kì í gbọ́ òórùn náà mọ́. Káńfọ̀ tó ń lé kòkòrò kúrò lára aṣọ, májèlé ni fún ẹran afàyàfà. Gàní mọ ìyẹn dáadáa. Ó ti sọ fún àwọn ọmọ iléèwé ní àìmọye ìgbà. Imú rẹ̀ ni kò sọ fún un.

A wá inú ọkọ̀ náà títí, a kò rí ẹyọ kan. A ránṣẹ́ pe Bàbá Sàlámì. Mo bi í bóyá káńfọ̀ wà níbẹ̀. Ojú rẹ̀ tàn, torí pé ó rò pé a fẹ́ dúpẹ́ ni.

"Mo fi sí gbogbo ògiri," ó ní, "sínú òwú, níbi tí ẹnìkan kò ti lè jí i. Àpótí òfìfo kì í ti ọwọ́ mi kúrò. Ẹni tó bá gba iṣẹ́ lọ́wọ́ mi, káńfọ̀ ni mo fi ń ṣe é lóore. Mo ní kí kòkòrò má lọ jẹ oníbàárà wa."

Gàní kàn gbé ọ̀gà náà hàn án. Bàbá Sàlámì wò ó, ó wò wá, ó wo ọkọ̀. Kò tọrọ àforíjì. Ó bọ́ dàńṣíkí rẹ̀, ó mú òòlù àti irin ìtúṣòó, ó wọlé, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í tú ògiri tó fi ohun tó lé ní ọ̀sẹ̀ kan kàn. Nígbà tí mo fẹ́ ràn án lọ́wọ́, ó ní kí n jọ̀ọ́, òun ló mọ ibi tí òun kó wọn sí.

A kó àwọn ẹranko sábẹ́ igi máńgòrò nínú agboolé. Mùsíyé Yao ní abẹ́ igi kì í ṣe inú ilé. Inú àpò ìrẹsì tó mọ́ ni Gàní gbé Tántì sí, bí wọ́n ṣe máa ń gbé ejò, ó sì so ẹnu rẹ̀. Ibẹ̀ ni mo ti rí ohun tí n kò rò pé mo lè rí láyé: Ìyá Gàní ti ìsọ̀ rẹ̀, ó dé pẹ̀lú àpótí ìjókòó, ó jókòó ti àpò náà, ó sì ń fi abẹ̀bẹ̀ fẹ́ ẹ. Bí àpò bá mira, á sún àpótí sẹ́yìn díẹ̀, á máa fẹ́ ẹ lọ. Ó ní òun kò fẹ́ràn rẹ̀ o, ṣùgbọ́n aláìsàn ni aláìsàn.

Bàbá Sàlámì fi ọjọ́ méjì tú u, ó da òwú àtijọ́ nù jìnnà, ó fi ọṣẹ àti omi gbígbóná fọ pákó, ó sá wọn sóòrùn, ó ra òwú tuntun. Lẹ́yìn tó kàn án tán, ó ní kí wọ́n pe Mùsíyé Yao wá, ó ní imú rẹ̀ nìkan ni òun máa gbà gbọ́. Mùsíyé Yao wọlé tẹ̀sẹ̀tẹ̀sẹ̀ lọ́tẹ̀ yìí, ó fi imú kan ògiri kọ̀ọ̀kan bí ajá aṣọ́bodè. Ó ní kò sí Anago kankan níbẹ̀ mọ́. Bàbá Sàlámì ló kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín.

Nígbà tó di àárọ̀ ọjọ́ tí dókítà máa dé, awọ́nríwọ́n ti jẹ ẹyin, ọ̀gà méjì tó kù ti padà di àwọ̀ ewé. Tántì ti pa ẹnu dé.

Dókítà Konan ga, ó máa ń sọ̀rọ̀ bí ẹni pé àárẹ̀ mú un, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ kò fo nǹkan kan. Ó ti ọwọ́ bọ igun gbígbóná, ó ti ọwọ́ bọ igun tútù, ó wo ìdè ilẹ̀kùn lọ́kọ̀ọ̀kan, ó bi wá kí ló pa ọ̀gà kẹta. Bàbá Sàlámì ló dáhùn, ó ní, "Èmi ni." Ó sọ ọ́ ní Dioula, èdè tí gbogbo ọjà ń sọ, ó sì ṣàlàyé gbogbo rẹ̀ láìfi nǹkan kan pamọ́. Dókítà gbọ́ ọ tán, ó ní ní tòun, ibi tí wọ́n ti jẹ́wọ́ àṣìṣe ni ẹranko ti ń pẹ́ láyé. Ó ní ọkọ̀ náà dára, ó yọ ìwé jáde láti fọwọ́ sí i.

Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti wọ́. Ìwé náà bèèrè ìwé ẹ̀rí ọmọ onílẹ̀ lọ́wọ́ ẹni tó fẹ́ máa fi ẹranko han gbogbo ènìyàn. Bouaké ni wọ́n bí Gàní sí, ṣùgbọ́n ó ti lọ sí ọ́fíìsì kan lẹ́ẹ̀mẹta nítorí ìwé yẹn. Wọ́n bi í ní abúlé bàbá rẹ̀, ó ní Bouaké. Wọ́n ní Bouaké kì í ṣe abúlé. Ó ní Ògbómọ̀ṣọ́ ni bàbá òun ti wá. Wọ́n ní kó lọ gbà á níbẹ̀ nìyẹn.

Dókítà Konan fi bírò gbá eyín. Ó ní òun á kọ ti ẹranko ná, ó sì ń bèèrè ibi tí wọ́n ti mú ọ̀kọ̀ọ̀kan. Nígbà tó kan Tántì, Gàní ní Languibonou ni. Dókítà gbé ojú sókè.

"Languibonou? Àti ìyá rẹ̀?"

"Inú oko kan náà ni wọ́n ti rí ìyá rẹ̀, Dókítà."

"Bàbá rẹ̀ ńkọ́?"

"A ò rí i, ṣùgbọ́n òjòlá kì í wọ ọkọ̀."

Dókítà ní Languibonou ni ìyá òun náà ti wá. Ó wo Tántì fún ìgbà pípẹ́ láti inú gíláàsì. Ó ní, "Èyí ní abúlé. Ó ní ìyá, ó ní bàbá, kò sí ẹni tó lè bi í ní nǹkan kan." Ó tẹ̀ sórí ìwé, ó sì ń kà á sókè bó ṣe ń kọ ọ́: "Ẹni tó ni ibùgbé: Tántì. Abo. Ọmọ Languibonou. Olùtọ́jú àti awakọ̀ rẹ̀: Ganíyù." Ó fọwọ́ sí i, ó lu òǹtẹ̀. Ó ní ìwé náà kò sọ níbì kankan pé ẹni tó ni ibùgbé gbọ́dọ̀ ní ẹsẹ̀.

Lẹ́yìn náà, ó kọjú sí mi, kò rẹ́rìn-ín mọ́. Ó ní òun gbọ́ pé oníròyìn ni mí. Mo pa ìwé mi dé, mo fi sínú àpò.

Faransé náà lọ ní ọjọ́ kejì. Ọkùnrin aláwọ dé Kennedy pẹ̀lú okùn ìwọ̀n rẹ̀, ó ní òun gbọ́ pé ìwé ti jáde, ṣùgbọ́n òun ṣì fẹ́ bá ẹni tó ni nǹkan dúnàádúrà. Gàní ṣí ilẹ̀kùn ọkọ̀ fún un, ó tọ́ka sí gíláàsì. Ó ní, "Òun nìyẹn, Mùsíyé. Ẹ bá a sọ ọ́." Mo gbọ́ pé ọkùnrin náà ka ìwé lẹ́ẹ̀mejì kó tó lọ.

Gẹ́gẹ́ bí oníròyìn, ìròyìn tó dùn jù tí ọwọ́ mi bà rí ni mo ní lọ́wọ́ yẹn. Ejò tó jẹ́ ọmọ onílẹ̀, ènìyàn tí wọ́n ní kì í ṣe ọmọ onílẹ̀, àti dókítà ìjọba tó fi òǹtẹ̀ sí i. Àwọn ìwé ìròyìn Abidjan ì bá já a gbà lọ́wọ́ mi. Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ tí ó bá jáde, ọjọ́ náà gan-an ni wọ́n máa fagi lé ìwé náà, wọ́n á sì pe Dókítà Konan lẹ́jọ́. Mo jókòó sídìí táípù ní gbogbo òwúrọ̀ kan, mo sì kọ ìlà mẹ́rìnlá nípa ìjàpá méjì tó ń gbé inú àwo ìfọwọ́ nínú ọkọ̀ kan ní Bouaké. Ọ̀gá mi ní ó dára, ó sì tẹ̀ ẹ́ jáde ní ìsàlẹ̀ ojú ewé kẹrin.

Tántì ti kú láti ìgbà pípẹ́, ọjọ́ ogbó ló pa á. Dókítà ti fẹ̀yìn tì, èmi náà ti fẹ̀yìn tì. Ìdí nìyẹn tí mo fi lè sọ ọ́ báyìí.

Ẹni tí kò ṣe iṣẹ́ yìí rí kò lè mọ bí àwọn ènìyàn ṣe ń jà nítorí orúkọ wọn nínú ìwé ìròyìn. Ọkùnrin kan wá sí ọ́fíìsì wa nígbà kan pẹ̀lú ìyàwó méjì torí pé a kọ gbogbo orúkọ àwọn tó gbin igi síwájú ọjà, a sì gbàgbé tirẹ̀. Nítorí náà, nígbà tí mo rí Gàní lẹ́nu ọ̀nà ọ́fíìsì ní ọjọ́ Àbámẹ́ta tó tẹ̀ lé ìgbà tí ìlà mẹ́rìnlá náà jáde, tí ìwé ìròyìn wa wà lọ́wọ́ rẹ̀, mo dìde. Kò jókòó. Ó ti gbé kámpínkáà sẹ́bàá ọ̀nà, ó ń lọ sí iléèwé kan. Ó ka ìlà mẹ́rìnlá náà tán, ó tún un kà.

Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ kò dárúkọ mi."

"N kò dárúkọ rẹ."

"Ẹ kò dárúkọ Dókítà. Ẹ kò dárúkọ Languibonou."

Mo ní n kò dárúkọ wọn.

Ó ká ìwé ìròyìn náà wẹ́wẹ́, ó fi sínú àpò àyà rẹ̀, ó sì dọ̀bálẹ̀ kí mi láàárín ọ́fíìsì, lójú gbogbo àwọn tó wà níbẹ̀. Wọ́n bi mí lẹ́yìn tó lọ pé kí ni mo kọ nípa rẹ̀ tó fi dúpẹ́ bẹ́ẹ̀.